Ṣé a lè ṣe ẹ̀rọ tó máa fúnra ẹ̀ dán ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ wò, bóyá iṣan ẹ̀ ti ń kú?

Oníwáyà_Àjàṣẹ́:

Ẹ kú déédéé àsìkò yí o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), rédíò, pọ́táábù (fóònù alágbèéká), ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ náà ni, àmọ́ ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń fi Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún mọ́tò kékeré kó lọ síwájú kó padà sẹ́yìn. Ohun tó gbé mi wá rèé: ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin ní àtọ̀gbẹ, ó ti pẹ́. Wọ́n ń wọn ṣúgà ẹ̀, wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀, àmọ́ níbi tó ti ń gba ìtọ́jú kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ bàtà rí kí àwọn wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Ó wá gun zém (ọ̀kadà) lọ́jọ́ kan, páìpù èéfín jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kò mọ nǹkankan lára, ọmọ ẹ̀ ló rí i nílé pé awọ ti ṣí. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, egbò náà ti ń jinná.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa ẹ̀. Wọ́n ní okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n fi ń kan àtẹ́lẹsẹ̀, tẹ́ni náà ò bá mọ̀ pé nǹkan kan òun, á jẹ́ pé iṣan ẹsẹ̀, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára, ti ń kú nìyẹn. Mo wá ń rò ó pé nǹkan téèyàn ń fọwọ́ ṣe báyìí, ṣebí mọ́tò lè ṣe é. Kéèyàn gbẹ́sẹ̀ lé pákó kan, kí okùn yẹn máa gba inú ihò jáde wá kan ẹsẹ̀, kí onítọ̀hún máa tẹ bọ́tìnì tó bá ti mọ̀ ọ́n lára, kí ẹ̀rọ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Torí ní àárọ̀ ọjọ́ àwọn alátọ̀gbẹ nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń dá èrò rẹpẹtẹ lóhùn, kò ráyè. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ ìlera àtẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ṣé ó ṣe é ṣe? Kí ni ẹ̀rọ ọ̀hún gbọ́dọ̀ lè ṣe kó tó wúlò, kí ló sì lè bà á jẹ́? Mi ò fẹ́ ṣe nǹkan tó kàn ń tan iná yanranyanran tí ò ní gba ẹsẹ̀ ẹnì kankan là.

Nọ́ọ̀sì_Kétu:

Àbúrò mi, o kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n màmá ẹ. Nọ́ọ̀sì ni mí, Kétu ni mo wà. Jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé bá a ṣe ń fọwọ́ ṣe é, torí tó ò bá mọ ti ọwọ́, o ò ní mọ ohun tó o fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe.

Okùn yẹn, monofilament 10 giramu là ń pè é. Náílọ̀n ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé tó o bá fi ṣóńṣó ẹ̀ kan ara tó o wá ń tì í, tí agbára yẹn bá ti dé 10 giramu báyìí okùn náà á tẹ̀, kò ní lè tì jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́, ìyẹn ni ò fi sí bí ọwọ́ nọ́ọ̀sì ṣe lè wúwo tó, ohun kan náà ni aláìsàn máa mọ̀ lára. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀ ló ti wá o, àwọn èèyàn ò mọ̀. Ní Carville ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 1986 tó fi hàn pé àwọn tí ò mọ okùn 10 giramu lára ni egbò máa ń dá sí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ibẹ̀ làwọn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ ti gbà á.

A máa kọ́kọ́ fi kan apá aláìsàn kó mọ bó ṣe máa ń rí. Ó wá máa dijú. A ó fi kan ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ibi tó yọ pọ̀ǹkọ̀ nídìí àtàǹpàkò, àti irú ẹ̀ nídìí ìka tó kéré jù. Níbì kọ̀ọ̀kan ẹ̀ẹ̀mẹta la máa bi í, méjì máa jẹ́ òótọ́, ọ̀kan máa jẹ́ pé a ò kàn án rárá. Tó bá gba méjì nínú mẹ́ta, ó dáa. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ lára. Má fi kan ibi tí awọ ti le gbagidi, má fi kan egbò. Okùn yẹn náà ń rẹ̀ ẹ́, tó o bá ti lò ó fún èèyàn bíi mẹ́wàá, kó sinmi wákàtí 24.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ ni pé iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ ló gùn jù lára. Ṣúgà tó bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ á máa ba iṣan náà jẹ́, á tún máa ba òpó ẹ̀jẹ̀ wínníwínní tó ń bọ́ iṣan jẹ́, òpin ibi tó jìnnà jù lọ ló kọ́kọ́ ń rí i, ìka ẹsẹ̀ méjèèjì, lẹ́yìn náà á máa gòkè bọ̀ títí dé ibi tí ìbọ̀sẹ̀ ń dé.

Ibi tí mo ti rí i pé ẹ̀rọ lè ràn wá lọ́wọ́ rèé: tí èrò bá pọ̀, ẹni tó ń ṣe é á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, á kàn án á ní "ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?", á tún kàn án á ní "ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?", bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn gan-an ti sọ ìdáhùn fún aláìsàn. Èyí tí a ò ní kàn án yẹn ni wọ́n máa ń fò jù. Ẹ̀rọ ò ní kánjú, kò sì ní fo nǹkankan.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ̀gbọ́n ti là á yéyé. Èmi, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mò ń bá wọn tún ṣe ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ títí lọ sókè, nítorí náà ẹ jẹ́ n wá ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ wá.

Oníwáyà, ohun àkọ́kọ́, má ṣe ìyọnu lórí bí mọ́tò ṣe máa mọ 10 giramu. Okùn yẹn fúnra ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó o nílò ni kí mọ́tò tì í títí tó fi máa tẹ̀ díẹ̀, kó dúró, kó padà. Mọ́tò inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti bàjẹ́ máa ṣe é dáadáa, irin gbọọrọ tí orí ìtẹ̀wé ń gbà kọjá pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀, tú gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ti parí ìdajì.

Àmọ́ náílọ̀n máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, etí ọ̀sà lẹ wà, lásìkò òjò okùn á rọ̀, 10 giramu lè má jẹ́ 10 giramu mọ́, aláìsàn ò ní mọ̀ ọ́n lára o ó wá máa rò pé iṣan ẹ̀ ló kú. Ẹni tó ń fọwọ́ ṣe é kò ní fura. Ẹ̀rọ lè fura. Fi sẹ́ńsọ̀ ìwọ̀n kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ẹsẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ HX711 (pátákó kékeré tó ń ka ìwọ̀n fún Arduino), kí okùn kọ́kọ́ lọ tẹ ibẹ̀ kó tó lọ sára aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Tí ò bá fún ẹ ní nǹkan tó sún mọ́ 10, kó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi pààrọ̀ okùn. Fún mi o, ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí tó nǹkan nìyẹn, àní ju ọ̀rọ̀ pé á gba àkókò nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ò tíì ní ẹ̀rọ, ẹ lè lọ bá àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà lọ́jà, kẹ́ ẹ fi okùn yín tẹ òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà, kẹ́ ẹ wo iye tó máa kọ nígbà tí okùn bá tẹ̀.

Ekejì, ariwo. Ibí yìí ló máa pa ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ báyìí. Tí mọ́tò bá ń dún "zìì" kó tó kan ẹsẹ̀, etí aláìsàn ló ń dáhùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́. Nígbà tí ò bá ní kàn án náà, kí mọ́tò ṣì dún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kó rìn dé ìtòsí kó padà. Kí àkókò tó wà láàárín ìkan àti ìkejì má bára mu, kó ṣe kánkán nígbà kan, kó pẹ́ nígbà mìíì, kí ẹni náà má lè ka ìlù ẹ̀. Tó bá tẹ bọ́tìnì nígbà tí nǹkankan ò kàn án, kí ẹ̀rọ kọ ìyẹn náà, tó bá pọ̀ jù kó sọ pé àyẹ̀wò yìí ò ṣeé gbára lé, kí wọ́n tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ pákó oníhò yẹn ò lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ ò dọ́gba, ìka ẹlòmíì ti wọ́, ihò tó bọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò tèmi lè bọ́ sáàárín ìka ìyá arúgbó. Àwọn kan lókè òkun máa ń fi kámẹ́rà wo àtẹ́lẹsẹ̀ kí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ wá ibẹ̀, ìyẹn dáa, àmọ́ bẹ̀rẹ̀ látibi tó rọrùn: kí nọ́ọ̀sì fi bírò sàmì síbẹ̀, kí ó fi bọ́tìnì mẹ́rin darí okùn lọ sórí àmì, kí ẹ̀rọ wá máa bá tiẹ̀ lọ. Kí aláìsàn jókòó kó na ẹsẹ̀, kó má dìde dúró lé e, torí tí gbogbo ara bá tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní rí bákan náà. Bátìrì 12 fóòtì (volt, agbára iná) ni kó o lò, má so ó mọ́ iná ilé tí ẹsẹ̀ èèyàn bá wà lórí ẹ̀. Kí bọ́tìnì ìdádúró kan wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra ẹ̀.

Ìyá_Wàǹdó:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, mò ń sọ ọ́ ó ń kọ ọ́. Mo ń tajà ní Wàǹdó, mo ní àìsàn ṣúgà náà. Tèmi ò bẹ̀rẹ̀ bíi pé ẹsẹ̀ kú o, ó bẹ̀rẹ̀ bíi kí eèrùn máa rìn mí lẹ́sẹ̀ lóru, á tún máa jó mi, aṣọ ìbora gan-an mi ò lè jẹ́ kó kàn mí. Wọ́n ní ayé ni. Ẹnì kan ní kí n wá sín gbẹ́rẹ́ sí i kó bàa lè jí. Dókítà ló bá mi wí, ó ní ẹsẹ̀ tí ò mọ ìrora mọ́, téèyàn bá ya á lábẹ, egbò ló ń dá sílẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí gbọ́ ọ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, ẹ má sì fi omi gbígbóná jó o pé ẹ fẹ́ kó jí.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ nípa "ṣé ẹ mọ̀ ọ́n", òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àwa àgbàlagbà, ọmọ tó ń fi ọ̀wọ̀ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ wa, a kì í fẹ́ já a kulẹ̀. Á ní "màámi ṣé ẹ mọ̀ ọ́n", a ó ní "mo mọ̀ ọ́n ọmọ mi". Ẹlòmíì sì ń bẹ̀rù pé tóun bá ní òun ò mọ̀ ọ́n wọ́n á ní kí wọ́n gé e. Bọ́tìnì ò ní ojú tá à ń wò. Mo rò pé òótọ́ máa pọ̀ níbẹ̀.

Àmọ́ ọmọ mi oníwáyà, kí bọ́tìnì náà tóbi, ọwọ́ àwa náà ń kú lára díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kó sọ Yorùbá, kó sọ Ègùn, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Tẹ́ ẹ bá kàn ní kí ìyá arúgbó gbẹ́sẹ̀ lé nǹkan tó ní wáyà, á rò pé iná ló fẹ́ gbé òun, kò sì ní í padà wá mọ́. Kẹ́ ẹ tún sọ èsì fún un lẹ́nu níbẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ fún un ní ìwé kó ká a sínú àpò.

Nǹkan kan ló kù. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run ni mí, Àjàṣẹ́ níbí ni Òṣọ́fà ti dá a sílẹ̀ ní 1947, ẹ sì mọ̀ pé tá a bá ti wọ sùtánà a kì í wọ bàtà. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ bá ti sọ pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò mọ nǹkan lára mọ́, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n kó tó rìn lórí yanrìn tí oòrùn ti jó. Èmi, tá a bá ti jáde ìsìn báyìí, ọmọ yìí á gbé ẹsẹ̀ mi sókè á wo abẹ́ ẹ̀ fínnífínní.

Oníwáyà_Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun màámi, ẹ ṣeun ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ariwo mọ́tò yẹn, mi ò bá má ronú kàn án láé. Ìbéèrè méjì ló kù. Pọ́táábù gbogbo èèyàn ló ń gbọ̀n, ṣé a ò kàn lè gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kó máa gbọ̀n kí ẹni náà sọ bóyá òun mọ̀ ọ́n? Ìyẹn á rọrùn ju mọ́tò lọ, kò ní ná wa ní nǹkankan. Ekejì, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, kí ni kí ẹ̀rọ kọ? "Iṣan ti bàjẹ́" àbí kí ni?

Dókítà_Kékeré:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ dókítà ni, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí àmọ́ Parakou ni mo ti ń kàwé. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nrìrì yẹn wà nínú ohun tí à ń ṣe lóòótọ́. Irin ẹlẹ́ka méjì kan wà tó ń gbọ̀n ní 128 Hz (ìgbà 128 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tá a máa ń gbé lé egungun àtàǹpàkò. Ẹ̀rọ náà wà fún un, biothesiometer, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lọ sókè, wọ́n á máa ka fóòtì ẹ̀, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n títí tó fi kọjá 25 fóòtì, ewu egbò wà fún un. Ìṣòro pọ́táábù ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń gbọ̀n, Tecno ò gbọ̀n bíi Samsung, èyí tó wà nínú àpò rọ́bà kò gbọ̀n bí èyí tó wà ní ìhòòhò, bátìrì tó ti ń lọ sílẹ̀ náà lè dà á rú, etí sì tún ń gbọ́ ọ. Wọ́n ti ń gbìyànjú ẹ̀ káàkiri ayé, àmọ́ tó o bá fẹ́ lò ó, ṣe ẹ̀rọ agbọ̀n tìẹ tí agbára ẹ̀ ò ní yí padà, má gbára lé pọ́táábù oníkálukú.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ṣe nǹkan wọ̀nyí ti wà lọ́jà. DPN-Check ń fi iná kékeré ta iṣan kan tó gba ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀, ó ń wọn bí iṣan náà ṣe ń sáré tó, kò pẹ́ rárá, àmọ́ nǹkan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara yẹn ẹnì kan ni wọ́n ń lò ó fún kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Sudoscan, àwọn ará Faransé ló ṣe é, èèyàn á gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lé irin pẹlẹbẹ, ó ń wo bí òógùn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí àwọn iṣan wínníwínní tó ń darí òógùn náà máa ń bàjẹ́. Méjèèjì ò bèèrè nǹkankan lẹ́nu aláìsàn, ìyẹn ló dáa lára wọn. Owó wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n dé ilé ìwòsàn kékeré.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn, ẹ̀gbọ́n Oníwáyà: okùn 10 giramu kì í tètè rí ìbàjẹ́ iṣan. Iṣan ńláńlá tó ń gbé ìfọwọ́kàn ni ó ń dán wò, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n ti wọ inú ewu egbò ná. Màámi tó sọ̀rọ̀ lókè yẹn, jíjó àti eèrùn tó ń rìn wọ́n lẹ́sẹ̀, iṣan wínníwínní ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ okùn lára dáadáa kí ẹ̀rọ ẹ sì kọ "ó dáa", bẹ́ẹ̀ kò dáa. Nítorí náà kí ẹ̀rọ bi í kó tó bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹsẹ̀ ń jó ẹ, ṣé ó ń kú, ṣé egbò ti wà níbẹ̀ rí.

Má jẹ́ kó kọ "àtọ̀gbẹ ti ba iṣan jẹ́" láé. Ohun tó lè mú ẹsẹ̀ kú pọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ lórí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, fítámì B12 lè ti lọ sílẹ̀ lára ẹ̀. Ọtí líle ń ṣe é. Kòkòrò HIV ń ṣe é. Ẹ̀tẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀ wa. Kó kọ ohun tó rí: "ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kò mọ̀ ọ́n". Dókítà ló máa sọ ìyókù.

Ìgbà tó máa padà wá náà wà. Àjọ àgbáyé lórí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, IWGDF, ní ẹni tó ṣì mọ̀ ọ́n lára dáadáa tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, láàárín oṣù 6 sí 12. Tó bá wá kún un pé ẹ̀jẹ̀ ò lọ dáadáa tàbí ẹsẹ̀ ti wọ́, oṣù 3 sí 6. Ẹni tó ti ní irú egbò yìí rí, tàbí tí wọ́n ti gé nǹkan lára ẹsẹ̀ ẹ̀ rí, pẹ̀lú àìmọ̀-lára tàbí àìlọ ẹ̀jẹ̀, oṣù 1 sí 3 ni. Ẹ̀rọ lè fúnra ẹ̀ ka ọjọ́ yẹn, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí pọ́táábù ẹ̀ nígbà tó bá tó.

Nọ́ọ̀sì_Kétu:

Dókítà wa, ẹ kú làákàyè. Ọ̀rọ̀ fífi ohùn ránṣẹ́ yẹn, èmi ni mo fọwọ́ méjèèjì gbé e. Kì í ṣe pé a ò lè yẹ ẹsẹ̀ wò ló ń pa wá lára jù, ẹni tí a yẹ̀ wò lọ́dún yìí tí a rí i pé kò mọ nǹkan lára mọ́, a kì í rí i mọ́ títí tó fi máa gbé egbò wá. Tí nǹkan kan bá wà tí mo máa fẹ́ kí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi, ìyẹn ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ inú mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó máa dúró de ẹ̀rọ. Èyí tí ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀ wà, Ipswich Touch Test, Gerry Rayman àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ipswich ní Ìlú Ọba ló gbé e jáde ní 2011. Ẹni náà á bọ́ bàtà, á dùbúlẹ̀, á dijú. O kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀ kó sọ èyí tó jẹ́ ọ̀tún àtèyí tó jẹ́ òsì. Fi orí ìka ẹ kan ṣóńṣó àtàǹpàkò, ìka àárín àti ìka tó kéré jù, ẹsẹ̀ méjèèjì, mẹ́fà lápapọ̀. Fífi ọwọ́ bà á ni o, má tì í, má fọwọ́ ra á, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Má bi í ní "ṣé ẹ mọ̀ ọ́n". Kó fúnra ẹ̀ sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" nígbà tó bá mọ̀ ọ́n. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, má padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá fò ó, gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é fún ìyá ẹ̀ lálẹ́ òní.

Ẹ̀rọ ò ní rí ohun tó wà láàárín ìka, níbi tí omi àlùwàlá ti ń rọ awọ tí wọn ò bá nù ún gbẹ. Kò ní fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lórí ẹsẹ̀ àti lẹ́yìn kókósẹ̀. Kò ní rí ìṣó inú bàtà. Mi ò fẹ́ kó di pé wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní ó dáa, wọ́n wọ bàtà wọ́n lọ, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ọmọ_Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pẹ̀lú yín lórí àwòfín, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bọ́ sílẹ̀. Ìka ọwọ́ yín àti ìka ọwọ́ ẹlòmíì kò fúyẹ́ bákan náà. Wọ́n lè gbé yín kúrò ní Kétu lọ́la, gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹsẹ̀ àwọn èèyàn yẹn á bá yín lọ. Ẹ̀rọ tó ń kan ibì kan náà pẹ̀lú agbára kan náà lọ́dọọdún, ẹni tó bá dé lẹ́yìn yín á rí i kedere pé ọdún tó kọjá ìyá yìí gba gbogbo ẹ̀, lọ́dún yìí ibi méjì ti fò ó. Mo rò pé ó tó kéèyàn ṣe làálàá lé e lórí. Kí ẹ̀rọ ṣe tiẹ̀, kí ó sì má ṣí èsì sílẹ̀ àyàfi tí nọ́ọ̀sì bá ti dáhùn pé òun wo àárín ìka, òun fọwọ́ wá ẹ̀jẹ̀, òun tẹ inú bàtà wò. Tí kò bá dáhùn, kó ti èsì pa.

Nọ́ọ̀sì_Kétu:

Hẹn, ìyẹn yé mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ màá lò ó.

Oníwáyà_Àjàṣẹ́:

Mo dúpẹ́ gan-an. Mo ti fi ìka dán ti ẹ̀gbọ́n màámi wò bẹ́ ẹ ṣe là á kalẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ibi méjì kò mọ̀ ọ́n, ọ̀tún ibì kan. Kò yà mí lẹ́nu, àmọ́ ó dùn mí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí: màá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú okùn kan, mọ́tò kan, ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò nìkan. Kó kọ́kọ́ wọn okùn lórí sẹ́ńsọ̀ kó tó ṣe nǹkankan. Kó dún bákan náà bóyá ó kàn ẹ́ ni tàbí kò kàn ẹ́. Bọ́tìnì pupa ńlá kan fún ìdáhùn, ọ̀kan lọ́tọ̀ fún ìdádúró. Màá gba ohùn ọmọọmọ Ìyá Wàǹdó sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà fún mi, Yorùbá àti Ègùn. Orí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi tí ara wọn dá ni màá ti kọ́kọ́ dán an wò, torí àwa yẹ ká mọ gbogbo ẹ̀, tá a bá ń fo nǹkan á jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ní àbùkù. Ẹ̀gbọ́n Kétu, tó bá ti dúró dáadáa, ṣé mo lè gbé e wá sọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ fi ti ọwọ́ yín wé e?

Nọ́ọ̀sì_Kétu:

Gbé e wá. Àmọ́ gbọ́ o, kó tó kan ẹsẹ̀ aláìsàn kan ṣoṣo, dókítà àgbà wa gbọ́dọ̀ ti rí i, ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí lórí èèyàn gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, aláìsàn fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tá a fẹ́ ṣe kó sì gbà. Ọjọ́ tá a bá wá ń fi wé ara, èmi máa ṣe tèmi nínú yàrá kan, ẹ̀rọ á wà nínú yàrá kejì, mi ò ní mọ ohun tí ẹ̀rọ sọ títí màá fi kọ tèmi sílẹ̀. Kí ohun tó ń kan ẹsẹ̀ ṣeé yọ, ká lè fi oògùn nù ún láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì.

Ti ẹ̀gbọ́n màmá ẹ, má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mú wọn lọ kí dókítà wo ẹsẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ bèèrè nípa fítámì B12 tó bá jẹ́ metformin ni wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ sì mú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lójoojúmọ́ dání, kì í ṣe ti ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ wò.